Ó Máa Kán!

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹnjiníà tó wà ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó gbé férémù kẹ̀kẹ́ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó fi ti ògiri, kó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ wọlé lọ bu omi mu. Kó tó padà jáde, wọ́n á ti pé. Ọ̀kan á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ti di ojú kan, á máa fi ìkejì wo irin náà lóròó àti níbùú, bí bàbá àgbà ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ àgbò Iléyá wò lọ́jà. Wọn ò ní í kí ẹni tó ṣe é. Wọn ò ní í bi í léèrè ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa bọ́ lẹ́nu wọn ni: "Ó máa kán."

Orí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ trials lọmọ náà ń gùn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé gbogbo kẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Èyí kì í ṣe irú Raleigh tí bàbá wa fi ń lọ sóko. Kò wà fún ìrìn àjò rárá. Àpáta ni wọ́n fi ń gùn. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ á nàró lórí pẹ́dàlì, á máa tọ láti orí òkúta kan dé òmíràn bí ọ̀pọ̀lọ́, á fò sórí ògiri tó ga tó tábìlì, á tún já bọ́ sílẹ̀ lórí táyà ẹ̀yìn nìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Nínú òfin ìdíje àtijọ́, bí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ àṣìṣe kan sí ọ lọ́rùn. Bó bá ti pé 5, o ti fìdí rẹmi níbẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin ará Catalonia kan, Pere Pi, tó máa ń gun alùpùpù Montesa lórí àpáta, ló ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré fún Ot ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà lè máa fi ẹsẹ̀ lásán ṣe ohun tí bàbá ń fi ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọmọ ọ̀hún dàgbà tán, ó di ọ̀gá gbogbo ayé nídìí ẹ̀. Ẹlòmíràn á rántí Danny MacAskill, ọmọ erékùṣù Skye tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Edinburgh, tí ayé rí ní oṣù kẹrin ọdún 2009 tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọgbà onírin ṣóńṣó, níbi tí ológbò gan-an á ti ro ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá wo kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kò ní ìjókòó. Fíríwíìlì tí gbogbo ayé ń fi sí táyà ẹ̀yìn, iwájú nídìí pẹ́dàlì ni tiwọn wà. Rímù tuntun tí ènìyàn á máa nù kó lè dán, gíráńdà ni wọ́n máa ń gbé tì í, wọ́n á họ ara rẹ̀ yánnayànna kí bíréèkì lè rí i gé jẹ. Nígbà kan, ọ̀dà títì ni àwọn mìíràn ń fi pa á. Wọ́n tún lè dá ihò sí i lára jákèjádò, kó lè fúyẹ́.

Kí n tún un sọ kó lè yé wa dáadáa. Àwọn tó ju ìjókòó nù, tí wọ́n ń fi gíráńdà họ rímù tí wọ́n fi owó gidi rà, àwọn yẹn gan-an ló dúró sẹ́yìnkùlé wa tí wọ́n ń sọ pé férémù ọmọ yìí kò bá àṣà mu.

Kí ló wá ṣe gan-an? Férémù tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta méjì tí wọ́n so mọ́ra. Ti trials náà jọ bẹ́ẹ̀, àfi pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí irin òkè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìsàlẹ̀. Ọmọ wa yọ irin òkè kúrò pátápátá. Ó mú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti ọrùn kẹ̀kẹ́, ó là wọ́n bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀, ó gbé wọn gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn ò yà síbì kankan títí wọ́n fi dé ibi tí táyà ẹ̀yìn ti ń yí. Pẹ́dàlì ńkọ́? Ó fi irin pẹlẹbẹ so ó kọ́ sísàlẹ̀, bí ẹyẹ ẹ̀gà ṣe ń so ìtẹ́ kọ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Ìdí rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bó bá já bọ́ láti òkè, ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ̀yà, ó sì fẹ́ kí irin náà tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun ọdẹ kó bá òun pín nínú ìyà náà.

Kò dára ní wíwò o, mi ò ní í purọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ló gun orí ibùsùn onírin kọjá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé bèèrè pé, "Ìjókòó ẹ̀ dà?" Mo ti sọ fún yín pé kẹ̀kẹ́ trials kò ní ìjókòó, ti ẹnikẹ́ni ò ní. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ mọ́ṣáláṣí tó ń wá àga kiri. Síbẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ni ọkùnrin yìí fi ṣàlàyé ibi tí ìjókòó ì bá wà, àwọn méjì sì ń mi orí sí i.

Ẹnì kejì ni mo sọ ní Alàgbà Ó-Máa-Kán. Alàgbà yọ ṣọ́ọ̀kì jáde lápò (mi ò mọ irú ẹni tó ń kó ṣọ́ọ̀kì kiri lọ́jọ́ ìsinmi), ó fa ìlà sí ojú ibi mẹ́ta lára férémù náà. "Ó máa kán níbí. Bí kò bá kán níbí, á kán níbí. Bí kò bá wá kán níbi méjèèjì, ẹ wá wò ó níbí." Babaláwo tó bá ń dífá báyìí, ebi ò lè pa á láé. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ti wà lórí ìṣó nínú gáréèjì láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọmọ rẹ̀ àgbà lórúkọ, ọmọ ọ̀hún sì ti wọ yunifásítì. Lóòótọ́, kẹ̀kẹ́ yẹn kò kán rí.

Ẹ má bá a wí púpọ̀. Sheffield la wà, ìlú tí Harry Brearley ti po irin tí kì í dípẹtà ní 1913. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti fi ṣíbí ibẹ̀ jẹun rí ti gbà pé òun mọ irin.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Dígíríì kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ kíkán. Ìyẹn ti kéré lójú tirẹ̀. Ó gbé fóònù lé irin kó lè wọn bó ṣe dagun tó, ó ka òǹkà, ó gbé e lé òmíràn, ó kẹ́dùn. Ọrùn kẹ̀kẹ́ dagun jù, pẹ́dàlì sì fi mílímítà 5 ga jù. Mílímítà 5! Àtàǹpàkò tó fi ń tọ́ka sí i nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi í pé ta ló gùn ún tó fi mọ̀, ó ní òǹkà kì í parọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ni mo rí lóṣù tó kọjá lójú títì, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, tó sì fọwọ́ gbé e gun ẹ̀bá ọ̀nà tí kò ga tó ìka mẹ́rin.

Ẹni tó tẹ̀ lé e, Mo-Ti-Rí-I-Rí, ní ẹnì kan ti ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Faransé tipẹ́tipẹ́, kò sì yọrí sí rere. Kí lorúkọ onítọ̀hún? Ó ti gbàgbé. Ọdún wo ni? Ó ti gbàgbé ìyẹn náà. Pé kò yọrí sí rere nìkan lọpọlọ rẹ̀ rí tọ́jú.

Àwọn tó ń yìn ín kò sàn jù wọ́n lọ. Àwọn yẹn dé pẹ̀lú ariwo pé irú èyí ò sí rí, pé ayé kẹ̀kẹ́ ti yí padà láti òní lọ. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fọwọ́ pa irin náà lórí bí ọmọ jòjòló. Ọ̀kan bèèrè pé èló ni òun máa san kí wọ́n ṣe ọ̀kan fún òun. Ọmọ wa dárúkọ owó páìpù nìkan, kò tíì kan owó iṣẹ́, ni fóònù tí kò dún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Ìyàwó mi, tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀, ló yọjú lójú fèrèsé tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní láárí lọ́jọ́ yẹn: "Ṣé ó ń gbé e?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àwọn àgbà ní igi gànńgànńràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn tèmi yìí ti sọ ọ́ diṣẹ́ ṣe: òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó, òkèèrè ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, òkèèrè náà ni wọ́n ti ń gùn ún. Àrùn náà sì ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1889, Willie Hume gbé kẹ̀kẹ́ oní-táyà-afẹ́fẹ́ tí Dunlop ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ wọ pápá ní Belfast, àwọn èrò fi í rẹ́rìn-ín. Ìdíje mẹ́rin ló wọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbà. Àwọn tó rẹ́rìn-ín náà ni àwọn bàbá àgbà ẹni tó ń tẹ táyà wò lónìí tó ń ní afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tó.

Ti Alex Moulton ló dùn mọ́ mi jù. Ó ṣe kẹ̀kẹ́ onítáyà kékeré, ó fi rọ́bà sí i kó máa rọ̀ bó bá bọ́ sí kòtò, ó gbé e lọ fún Raleigh. Raleigh yìí náà ni o, èyí tí ẹni tó bá ní i nílé wa láyé ọjọ́un fi ń fẹ́ ìyàwó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní rárá. Ọkùnrin náà padà sí Bradford-on-Avon, ó kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ó gbé e jáde ní 1962, ọjà sì gbà á. Nígbà tó di 1965, Raleigh ti ń ṣe onítáyà kékeré tiwọn. Nígbà tó di 1967, wọ́n kó owó sílẹ̀, wọ́n ra ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Moulton mọ́ ara wọn.

Graeme Obree ńkọ́, ará Scotland tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó férémù rẹ̀, tó yọ bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kó fi ṣe ìdí pẹ́dàlì? Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1993, ní Hamar nílẹ̀ Norway, ó fi kẹ̀kẹ́ yẹn rin kìlómítà 51.596 ní wákàtí kan, ó kọjá ibi tí Francesco Moser, ará Ítálì, fi ìlà sí láti 1984. Kẹ̀kẹ́ náà ò kán. Nígbà tí kò wá kán, wọ́n ní òfin ni yóò kán an: lọ́dún tó tẹ̀ lé e, UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fòfin de bó ṣe ń tẹrí ba lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Gbogbo èyí ò sọ pé férémù ọmọ wa dára. Ọ̀pọ̀ férémù tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ló yẹ lẹ́ni tí à ń fi ṣẹ̀sín, mi ò sì tíì rí férémù jákujàku kan tí ẹni tó ṣe é kò fi Obree gbèjà ara rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ méjì ni, olúkúlùkù ló sì gbé tirẹ̀ wá.

Ọmọ wa jáde pẹ̀lú ife omi rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́. Kò bínú. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà, ó nà án sí wọn: "Ẹ gùn ún wò."

Ẹ wá wo bí àìsàn ṣe gbòde. Orúnkún Alàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò wọ bàtà tó yẹ. Mo-Ti-Rí-I-Rí ti gùn ún rí. Ẹni tó ń wá ìjókòó ní bí wọ́n bá fi ìjókòó sí i, òun á gùn ún kíá.

Ó di dandan kí gbogbo wa tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tí àwọn òkúta ńlá wà. Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́, ó fò sórí òkúta àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ìkejì, ó fi táyà ẹ̀yìn nìkan dúró lórí ìkẹta bí àkùkọ tó ń ronú. Ó já bọ́ láti orí ògiri, gbì! Irin náà tẹ̀, ó sì padà sáyè rẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yà. Ó tún ṣe é, gbì! Alàgbà ní, "Ó kù díẹ̀." Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Alàgbà ní díẹ̀ náà ló kù.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, a gbọ́ káú! Ọmọ wa rá bàbà sórí koríko. Ó dìde jókòó, ó fi ahọ́n ka eyín rẹ̀, wọ́n pé.

A sáré dé ibẹ̀. Férémù wà ní odindi, ṣọ́ọ̀kì Alàgbà ṣì funfun balau lára rẹ̀. Ohun tó kán ni irin kúkúrú tó gbé háńdù dání. Ìyẹn nìkan ni ọmọ náà kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú gbogbo irin iwájú, ṣọ́ọ̀bù ló ti rà á. Irú ẹ̀ ló wà lára kẹ̀kẹ́ gbogbo wọn. Irú ẹ̀ ló wà lára èyí tó kọ́ sórí ìṣó ní gáréèjì Alàgbà.

Alàgbà Ó-Máa-Kán na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ṣebí mo sọ!" Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dígíríì ní mílímítà 5 yẹn ló fà á. Mo-Ti-Rí-I-Rí ní bó ṣe ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Faransé gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n túká tán, ọmọ náà gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká. "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú háńdù." Mo mú un, mo ń yí i wò lójú ọ̀nà, mo di ojú kan, mo fi ìkejì wo ibi tó ti kán. Ká tó yà sí àdúgbò wa, mo ti ń sọ fún un pé láti ọjọ́ tó ti rà á ni ojú mi ò ti gba irin yẹn.