Ẹ̀jẹ̀ Màmá Mi Kì í Ṣe Omi Ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde, kó má baà di àìsàn sí mi lára. Láti láàbù ni èmi àti màmá mi ti ń bọ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, lórí àyẹ̀wò kan náà!

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí màmá má jẹun láti alẹ́. Ẹni ọdún 71. Aago méje a ti débẹ̀. A tò láti sanwó, a tò gba rìsíìtì, a tún tò níwájú láàbù, aago mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó pè wá. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún màmá pé omi lásán kò ba irú àyẹ̀wò yẹn jẹ́. Wọn ò fẹnu kan nǹkan kan rárá, bẹ́ẹ̀ tí omi bá gbẹ lára èèyàn, iṣan a máa sá wọlé ni.

Bọ̀dá tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ so rọ́bà mọ́ wọn lápá, ó so ó le dan-in dan-in, ló bá dìde lọ ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó àjọ. Rọ́bà tí kò yẹ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ! Nígbà tó padà dé, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ṣé ó yọ ọ́? Rárá o. Ó ń tì í síwá sẹ́yìn lábẹ́ awọ bí ẹni ń fi igi wá owó tó jábọ́ sí gọ́tà. Màmá tó bímọ márùn-ún gé etí gèlè jẹ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ti wá rí i, lẹ́ẹ̀kẹta.

Ojú mi ló ṣe fi síríńjì tú ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré olómorí elésè àlùkò. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló wà nínú ìgò yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọra dà á lórí kodò bí ìgbà mẹ́jọ kí méjèèjì lè pò. Bọ̀dá yìí gbé e kalẹ̀ gbá, ó ní "Ẹni tó kàn!" Kò tíì kọ orúkọ sí i lára o.

Ìpè wọlé lánàá. "Ẹ̀jẹ̀ màmá yín ti dì, ẹ mú wọn wá ká gba òmíràn." Bí ẹni pé màmá ló lọ po ẹ̀kọ sí i! A débẹ̀, wọ́n ní ká tún san owó síríńjì àti ìgò. Mo pariwo. Wọ́n ní mi ò níwà.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà á lónìí. Ó wá iṣan náà pẹ̀lú ìka, ó ní kí màmá mí kanlẹ̀, ó dúró kí sípíríìtì gbẹ, ó gún un lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú méjì! Ó ṣeé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Ojú ibi tí bọ̀dá yẹn gún ṣì dúdú bí aró. Màmá fẹ́ lọ sípàdé ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n ti ń wá ìborùn tí wọ́n máa fi bo apá, torí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi wọ́n pé ta ló lù wọ́n.