Bàtà Tí A Kò Wọ̀ Náà Ń Gbó

Ọ̀pọ̀ wa la gbà pé ìrìn ló ń gbó bàtà, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kí kọ́fà ṣúù rẹ̀ pẹ́ ní láti máa wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dá a padà sínú páálí rẹ̀. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí, bàtà olówó ńlá a máa sùn lórí kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún púpọ̀, yóò máa retí ìgbéyàwó àkọ́bí tàbí ọjọ́ ìdúpẹ́. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, oníbàtà a wọ̀ ọ́, a rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, gìgísẹ̀ a sì jábọ́. Kò ní fà ya bí aṣọ. Ṣe ni àtẹ́lẹsẹ̀ náà yóò máa rún wómúwómú bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ, tí ègé dúdú dúdú yóò sì máa já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí táìsì. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ojúlówó, kí ẹni tó tà á sì jẹ́ olóòótọ́. Inú páálí ni bàtà náà ti ń kú bọ̀.

Nǹkan méjì tí ìwà wọn kò jọra la so pọ̀ tí à ń pè ní bàtà aláwọ. Awọ wà lókè, ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀pọ̀ bàtà àti búùtù òde òní, fóòmù polyurethane, irú ike rírọ̀ kan, ni wọ́n dà sí i. Ó fúyẹ́, ó tu ẹsẹ̀ lára, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá ní iléeṣẹ́. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, kò sì dìgbà tí òjò bá pa á. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa wọ inú fóòmù náà díẹ̀díẹ̀, a sì máa já ìdè tó so àwọn èròjà rẹ̀ pọ̀. Nínú oríṣi tí wọ́n fi polyester ṣe, bí ìdè kan bá ti já, ásíìdì díẹ̀ a yọ jáde, ásíìdì yẹn a sì mú kí èyí tó kù tètè já. Ooru náà tún ń kì í láyà. Ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń kọjá ìdá 80 nínú 100, tí orí kọ́bọ́ọ̀dù sì máa ń gbóná, ibi tó bá ìbàjẹ́ yìí lára mu gan-an la gbé bàtà sí. Àwọn kan lára iléeṣẹ́ tó ń ṣe búùtù ìgunkè ní Yúróòpù kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún oníbàárà: nǹkan bí ọdún 5 sí 10 ni ọjọ́ orí fóòmù yìí, yálà a wọ bàtà náà tàbí a kò wọ̀ ọ́.

Ti awọ yàtọ̀. Ní ọdún 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn rí bàtà kan nínú ihò àpáta Areni-1 ní orílẹ̀-èdè Armenia, tí wọ́n fi ẹyọ awọ màlúù kan ṣoṣo ṣe. Bàtà náà ti tó nǹkan bí 5,500 ọdún, síbẹ̀ okùn awọ tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gbẹ, ó tutù, ìgbẹ́ àgùntàn sì ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọkọ̀ ojú omi Metta Catharina, tó kó awọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín láti Rọ́ṣíà, tó sì rì sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1786. Ọdún 1973 ni àwọn òmùwẹ̀ tó rí i. Awọ tó ti wà nínú ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ òkun fún nǹkan bí 187 ọdún ṣì dára débi pé àwọn aránbàtà fi ran bàtà tuntun.

Awọ tí wọ́n bá ṣe dáadáa lè pẹ́ báyìí, àmọ́ páálí wa kì í ṣe ibi tó yẹ ẹ́. Nígbà òjò, bàtà tí a fi ọ̀rá dì tí a sì tì mọ́ inú páálí a máa bu, funfun èbu a sì yọ lára awọ àti okùn rẹ̀. Ó sàn kí ó wà níta ọ̀rá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè kàn án, kí a sì máa nù ún. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́ náà ni pé bàtà nílò ìsinmi: òógùn ẹsẹ̀ òní kò ní gbẹ tán kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, nítorí náà kí a má wọ ẹyọ bàtà kan lọ́jọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn. Ìsinmi ọjọ́ kan ti tó o.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tí a ní? Ẹ wo etí àtẹ́lẹsẹ̀. Ti awọ máa ń fi ìpele hàn, rọ́bà gidi a máa wúwo, fóòmù a sì fúyẹ́, pàápàá a lè rí ihò wínníwínní níbi tó bá ti gé. Nínú àwọn bàtà òkìríkà tó ti Yúróòpù wá, àmì kan tún wà tí òfin ọdún 1994 mú kí wọ́n máa fi sára bàtà: àwòrán awọ ẹran dúró fún awọ, dáyámọ́ǹdì sì dúró fún ohun mìíràn tí kì í ṣe awọ tàbí aṣọ. Bí dáyámọ́ǹdì bá wà nínú àwòrán awọ, awọ tí wọ́n fi nǹkan mìíràn kùn lójú ni, irú èyí tó máa ń bó.

Bàtà tí wọ́n rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀já awọ tó yí i ká, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear kékeré (òun àti bàbá rẹ̀ ló jọ ń jẹ́ orúkọ náà), sọ di ti gbogbo ayé ní àwọn ọdún 1870, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ṣúmékà lè tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó sì rán òmíràn sí i láìfọwọ́ kan awọ òkè. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ náà ní àtúnṣe. Ẹ gbé bàtà tó ti pẹ́ nínú páálí jáde ṣáájú òde, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá sán tàbí tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má jù ú nù. Bí awọ òkè bá ṣì le, ẹ jẹ́ kí ṣúmékà ṣí fóòmù náà kúrò, kí ó sì fi rọ́bà sí i.