Ímeèlì ta ni wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù yín?

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi o. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ ti ń bára yín fa ọ̀rọ̀ Shopify àti WooCommerce, àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí arábìnrin kan tó ní òun fẹ́ máa ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí lòun á lò. Ẹnìkan ní Shopify ni baba gbogbo wọn, òmíràn ní kó má fowó ẹ̀ ṣòfò, ẹ̀ ń sọ ti theme (ìrísí wẹ́bsáìtì), ẹ̀ ń sọ ti plugin (àfikún tí wọ́n ń so mọ́ ọn), kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó bi í pé ímeèlì ta ni wọ́n máa fi ṣí i. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn! Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ojú àǹtí mi rí màbo.

Léèsì ni àǹtí mi ń tà ní Balógun. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ẹ mọ àwọn àtẹ̀gùn dúdú yẹn, tí alábàárù bá ń gbẹ́rù bọ̀ ẹ óò fẹ̀yìn ti ògiri kó tó lè kọjá. Ọmọkùnrin kan ló bá wọn ṣe wẹ́bsáìtì nígbà yẹn, ó fi ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń gba dọ́là lóṣooṣù ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ímeèlì tiẹ̀ ló fi ṣí i, káàdì tiẹ̀ ló fi ń sanwó ẹ̀, domain gan-an, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì náà, orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àǹtí mi á kàn fi náírà ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù.

Fọ́tò inú ẹ̀, àǹtí mi fúnra wọn ló yà á. Ní bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn máa ń gba àárín ilé méjì wọlé láti ojú fèrèsé, kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á ti ta bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun mọ́ ògiri tó kọjú sí i, wọ́n á gbé léèsì kọ́ ọ, wọ́n á yí i díẹ̀ kí òkúta ara ẹ̀ lè tàn, wọ́n á tún súnmọ́ ọn kí èèyàn lè rí iṣẹ́ ara ẹ̀ dáadáa. Léèsì mẹ́ta lójúmọ́, tí oòrùn bá ṣe dáadáa. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é.

Ìgbà tó di June 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, ẹ rántí. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báǹkì ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Ẹ fi 39 dọ́là tí wọ́n ń gbà ṣírò ẹ̀: kò tó 18,000 tẹ́lẹ̀, ó wá di 58,500, lóṣooṣù, ọjà ì báà tà kó má tà. Ọmọkùnrin yẹn ti jápa nígbà náà, kò gbé fóònù mọ́, kò sì sanwó mọ́. Sátidé kan nínú December, kọ́sítọ́mà kan pè láti Ìbàdàn, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti palẹ̀ mọ́ ni, mi ò rí yín mọ́." Àǹtí mi rò pé dátà onítọ̀hún ló tán, àṣé wọ́n ti ti wẹ́bsáìtì náà pa torí owó tí kò wọlé. December o! Ìgbà tí gbogbo ìlú ń dá aṣọ ẹbí. Kò sí páásíwọọ̀dù, kò sí ẹni tí a lè bẹ̀, fóònù tí wọ́n fi ya fọ́tò náà ti bọ́ sọ́wọ́ olè tipẹ́. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí, tépù ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ní "gbogbo fọ́tò mi yẹn ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan sọ.

Torí náà tí ẹ bá ní eléyìí yára, tọ̀ún rẹwà, mo gbọ́, ìyẹn kọ́ ló ká mi lára.

Mo ní ká wá CMS tó máa jẹ́ tiwọn. Àǹtí mi rò pé CMS tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò ní Marina ni mò ń sọ, mo ní rárá o, ohun tí ẹ máa fi máa to ọjà, fọ́tò àti iye owó sórí wẹ́bsáìtì fúnra yín ni. WordPress ni mo lò, mo gbé WooCommerce lé e. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, hosting (ibi tí wẹ́bsáìtì ń gbé) àti domain la sanwó fún, náírà la sì fi san án, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, orúkọ wọn àti ímeèlì wọn ló wà lórí gbogbo ẹ̀. Paystack la fi ń gbowó: 1.5% àti 100 náírà lé e, kì í kọjá 2,000. Léèsì 85,000, wọ́n á yọ 1,375. Mo mọ̀ pé èèyàn lè fi Paystack gbowó lórí Shopify náà, àmọ́ torí pé Shopify Payments, ọ̀nà ìgbowó tiwọn fúnra wọn, ò sí ní Nàìjíríà, Shopify á tún yọ 2% tiẹ̀ lórí ètò Basic wọn. 1,700 nìyẹn lórí léèsì kan ṣoṣo, owó alábàárù ni.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà nínú gosílò lórí Third Mainland, àǹtí mi pè: kọ́sítọ́mà fẹ́ sanwó, kò rí ibi tó máa tẹ̀. Plugin kan ló ti ṣe update fúnra ẹ̀ lóru, ó sì ba ibi ìsanwó jẹ́. Kí n tó délé kí n tó dá backup, ẹ̀dà wẹ́bsáìtì tí a ti fi pamọ́, padà, wákàtí mẹ́rin ti lọ, kọ́sítọ́mà náà ti bá tiẹ̀ lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn tó ń gba dọ́là yẹn ló máa ń bá èèyàn ṣe gbogbo update yẹn. Àǹtí mi ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ náà tó ń wá físà, tí o bá lọ ńkọ́?"

Mo ti kọ gbogbo páásíwọọ̀dù sẹ́yìn ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ onígbèsè sí, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn tó ni hosting. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá backup padà, ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe é, wọ́n ṣe é o, àmọ́ mo rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ó ṣì dá mi lójú pé tiwọn ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tó máa wá máa bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni mi ò tíì mọ̀. Tí ẹ bá mọ ẹnìkan tó ṣe é fọkàn tán ní Island níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.