Òtútù ló gbé ilé wọn ró

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ bá délẹ̀, ẹnìkan á sọ pé àwọn ará àríwá ayé ló máa jèrè rẹ̀. "Òtútù á dín kù fún wọn, ṣebí ohun tí wọ́n ń fẹ́ náà nìyẹn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa nílé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí mọ́tò wọn tó lè jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lókè pátápátá lọ́hùn-ún, òtútù ló gbé ilé ró. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi nísàlẹ̀, kì í yọ́ tọdún tọdún, orí rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ilé ìwé, ọsibítù, tánkì epo àti pápákọ̀ òfurufú lé.

Ẹ wo Yakutsk ní Rọ́ṣíà, ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ju 300,000 lọ. Àwọn ilé ńlá ibẹ̀ ò jókòó sórí ilẹ̀. Orí òpó kọnkéré ni wọ́n wà, àlàfo wà lábẹ́ wọn, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe oge ni wọ́n ń ṣe. Bí ilé tí wọ́n ń mú gbóná nínú lọ́sàn-án lóru bá jókòó sórí ilẹ̀ dídì, ooru rẹ̀ á yọ́ ilẹ̀ náà, ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Atẹ́gùn tó ń gba àlàfo yẹn kọjá ló ń gbé ooru náà lọ. Yìnyín inú ilẹ̀ ló di òpó mú. Kò tiẹ̀ dìgbà tí ilẹ̀ bá yọ́ tán kí wàhálà tó dé: bó bá ti gbóná díẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ọwọ́ tó fi di òpó mú á ti dẹ̀.

Ní Norilsk, ní Rọ́ṣíà kan náà, tánkì epo dísẹ́ẹ̀lì kan bẹ́ ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Nǹkan bíi 21,000 tọ́ọ̀nù epo ló tú jáde sínú ilẹ̀ àti odò. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín, Nornickel, ní ilẹ̀ dídì tó ń yọ́ ló jẹ́ kí òpó abẹ́ tánkì rì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní 2020 pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbóná, tánkì ọ̀hún sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ta ló yẹ kó máa yọjú wo abẹ́ rẹ̀? Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn tó lé ní 146 bílíọ̀nù owó rúbù fún wọn ní 2021, wọ́n sì san án.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà nígbà tí wọ́n bá ní ìmọ̀ ni kò tó. Ìmọ̀ wà. Òpó àwọn páìpù epo tó gba àárín Alaska kọjá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, ní ju 120,000 páìpù kéékèèké tó ń fa ooru jáde kúrò nínú ilẹ̀ nígbà òtútù, láìlo iná mànàmáná kankan. Gáàsì inú wọn á gbé ooru ilẹ̀ gòkè, òtútù ìta á sọ ọ́ di olómi, á tún ṣàn padà sísàlẹ̀. Bí epo bá wà lọ́rọ̀, ìmọ̀ kì í jìnnà. Ohun tó ń dá ètò dúró ni ìbéèrè méjì tí kò sí lọ́wọ́ ẹnjiníà: ta ló máa sanwó, ta ló sì wà níbi ìpàdé tí wọ́n ti pinnu?

Longyearbyen ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ìlú kékeré ni, nǹkan bí 2,500 èèyàn, ní àwọn erékùṣù Svalbard tó jẹ́ ti Norway. Èédú ló dá a sílẹ̀ ní 1906. Agbègbè ibẹ̀ wà lára ibi tó ń yára gbóná jù láyé. Gbogbo agbègbè Àríwá Olóyìnyín lápapọ̀ ti gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti àyíká ayé yòókù láti 1979. Òjò lásán ń rọ̀ báyìí lásìkò tó yẹ kó jẹ́ òjò dídì.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 19 Oṣù Kejìlá ọdún 2015, lẹ́yìn ìjì líle kan, òjò dídì tó ti kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè Sukkertoppen ya lulẹ̀ lójijì, ó sì gbá ilé mọ́kànlá kúrò nídìí wọn. Ọkùnrin kan àti ọmọ ọdún méjì kan kú. Ní Oṣù Kejì 2017 ó tún ya, ó tún wó ilé, àmọ́ orí yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Wọn ò kó àwọn tó ń gbé ilé wọ̀nyẹn jáde ṣáájú, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ òkè náà rò pé òjò dídì ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà ló wú mi lórí. Wọ́n ya àwòrán ibi tí ewu lè dé, wọn ò sì fi ti ẹni kankan ṣe. Ilé tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n ní kí èèyàn má gbé mọ́, wọ́n sì wó wọn. Wọ́n gbé ọgbà irin kalẹ̀ sára òkè kí òjò dídì má baà já, wọ́n mọ odi sísàlẹ̀, Statsbygg tó ń kọ́lé fún ìjọba sì kọ́ ilé tuntun sí àdúgbò Gruvedalen nínú ìlú náà, lórí òpó irin. Statsbygg yìí kan náà ló tún ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó wọ ilé ìpamọ́ irúgbìn àgbáyé tó wà nítòsí ibẹ̀ ṣe, lẹ́yìn tí omi wọ ibẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2016. Ọdún mẹ́jọ péré ni wọ́n ti ṣí ilé ìpamọ́ náà nígbà yẹn, ibi tí wọ́n rò pé òtútù á máa ṣọ́ fún wọn títí láé! Omi náà kò dé ibi tí irúgbìn wà, ọpẹ́ ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi yára tó báyẹn? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ìjọba ló ni ilẹ̀ Svalbard fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tí àwọn èèyàn ń gbé. Kò sí onílé tó máa mú lọ́yà wá. Lẹ́yìn náà, Norway ò fẹ́ kí ibẹ̀ di ahoro. Bí ìlú bá tú, àwọn orílẹ̀-èdè míì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ìfẹ́ ará ìlú nìkan kọ́ ló ṣí àpò. Ọ̀rọ̀ kan sì ń dùn mí níbẹ̀: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ń gbé ìlú náà ni kì í ṣe ọmọ Norway, àwọn ará Thailand àti Philippines wà lára wọn, àwọn tó ń tọ́jú hòtẹ́ẹ̀lì tó sì ń dáná. Ní 2022 ìjọba Norway ṣòfin pé àjèjì tí kò bá tíì gbé ilẹ̀ Norway gangan fún ọdún mẹ́ta kò lè dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú mọ́. Òkè kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ya.

Ẹ wá lọ sí Newtok ní Alaska. Àwọn Yup'ik, ọmọ ìbílẹ̀ Alaska, ló ni abúlé náà, nǹkan bí 350 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Odò Ninglick ń jẹ ilẹ̀ wọn, nǹkan bí 70 ẹsẹ̀ bàtà lọ́dún, nítorí pé ilẹ̀ tó ń yọ́ kò lè dúró níwájú omi. Àwọn fúnra wọn ti mọ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kíkó kúrò ní 1994, wọ́n sì ti yan ibi tí wọ́n ń lọ, Mertarvik, kí ọ̀rúndún tó parí. Ṣé wọ́n gbé ètò kalẹ̀ àbí wọn ò gbé e kalẹ̀? Síbẹ̀, Oṣù Kẹwàá 2019 ni àwọn ẹbí àkọ́kọ́ tó ó kó, ọdún 2024 sì ti ń lọ sópin kí wọ́n tó kúrò tán.

Kò sí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó odindi abúlé. Owó àjálù wà fún ìjì àti ìkún omi, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì. Nígbà tí àwọn ará Newtok béèrè pé kí wọ́n ka ti àwọn náà sí àjálù, ìjọba ní rárá ní 2017. Odò tó ń jẹ ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kì í ṣe àjálù lójú ìwé. Àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ sí Mertarvik pàápàá ti ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní omi ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ti Juneau, olú-ìlú Alaska, wà láàárín ti Longyearbyen àti ti Newtok. Omi kan ń kóra jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yìnyín Mendenhall, láti 2011 ló sì ti ń bẹ́ sínú odò tó gba àárín àdúgbò kọjá. Ní Oṣù Kẹjọ 2024 ó wọ nǹkan bí 300 ilé. Ìlú gbé àpótí wáyà ńláńlá tí wọ́n rọ iyanrìn sí kalẹ̀ létí odò, nígbà tí omi sì kún ju ti ìgbàkígbà rí lọ ní Oṣù Kẹjọ 2025, púpọ̀ jù lọ nínú ilé tó wà lẹ́yìn àpótí wọ̀nyẹn bọ́. Ìlú ló san èyí tó pọ̀ nínú owó tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, wọ́n pín ìyókù sórí àwọn onílé: díẹ̀ lé ní 6,000 dọ́là fún ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n lè fi ọdún mẹ́wàá san. Àwọn kan fárí gá, mi ò sì lè bá wọn wí. Ẹni tó ń gbé lórí òkè lọ́nà jíjìn kò san irú owó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń tọ̀.

Bí èmi bá ní ilé létí odò yẹn, màá san án, màá sì máa kùn. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí wọ́n mú bíìlì kejì wá bá mi kí wọ́n tó sọ fún mi bóyá wọ́n fẹ́ dá omi náà dúró lókè níbi tó ti ń kóra jọ ni, àbí wọ́n fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ wa ká wábi gbà.