Frequency counter tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fò kò tíì bàjẹ́

Ọ̀gá mi, ẹ ní tí nọ́ńbà frequency counter (ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí àmì iná ń yí po ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bá ń fò nígbà tí àmì kò lágbára, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Iye ìgbà tí fóltéèjì àmì náà gba ìlà trigger (ìwọ̀n fóltéèjì tí counter fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó kà) kọjá ló ń kà. Tí àmì bá kéré, ariwo tó dà mọ́ ọn lè gba ìlà náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nínú ìyípo kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí crystal aago 32.768 kHz fi lè hàn bíi 65 kHz. Ẹ kọ́kọ́ yí trigger level, kí ẹ sì tan filter 100 kHz (tó ń dí ariwo tó ga ju 100 kHz lọ́nà) tó wà lára ọ̀pọ̀ counter. Ẹ wo probe náà (wáyà tí ẹ fi ń gba àmì): ipò ×10 rẹ̀ ń dín àmì kù sí ìdá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ×1 lè da crystal náà dúró pátápátá. Ẹsẹ̀ tí àmì ti ń jáde láti inú buffer (circuit tó ń gbé àmì jáde láìdí crystal lọ́wọ́) ló dáa jù láti fi probe kàn.

Amplifier (ẹ̀rọ tó ń sọ àmì di ńlá) tí àwọn kan dábàá ńkọ́? Ariwo náà ló máa gbé sókè pẹ̀lú.

Ti ẹnu GHz lára counter (ibi tí àmì tí frequency rẹ̀ ga gan-an ń gbà wọlé) tó ń ka nọ́ńbà láìsí wáyà kankan lára rẹ̀, prescaler inú rẹ̀ (apá tó ń pín frequency kí counter tó kà á) ló ń mì fúnra rẹ̀. Tí àmì tó tó bá wọlé, á ṣíwọ́.