Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Tíì Fọ́ọ̀mátì Rẹ̀

Àbúrò mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Ìtókù, l'Abẹ́òkúta. Inú laptop rẹ̀ ni àwòrán gbogbo bátànì tó ti ṣe wà, àti àkọsílẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti iye tó jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní SSD, díìsì ayára tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú laptop mi, ti bàjẹ́. Wọ́n ní àfi kí wọ́n fọ́ọ̀mátì rẹ̀, kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, bí kò bá sì jí, kí n ra òmíràn."

Mo ní kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo gbéra ní Àṣerò lójú ẹsẹ̀.

BIOS, ètò tó máa ń jí ṣáájú Windows, ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Orúkọ SSD náà wà níbẹ̀, bó ṣe tóbi tó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó ti kú kì í sábà jẹ́ ìpè bẹ́ẹ̀. Mo wá béèrè ohun tí wọ́n ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní hard disk àtijọ́ tó ṣì wà nínú rẹ̀ ń pariwo, àwọn sì yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe tan laptop náà padà, "No bootable device" ló kọ sójú, ìyẹn ni pé kò rí díìsì tí yóò ti jí.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí wọ́n fi Windows sórí SSD, hard disk àtijọ́ ò kúrò nínú ẹ̀rọ. Bí Windows bá ń wọlé tó sì rí i pé díìsì mìíràn ti ní ààyè tí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń jí Windows, ń gbé, ó sábà máa ń kó tirẹ̀ síbẹ̀ náà ni. Ilé wà lórí SSD, kọ́kọ́rọ́ wà lára hard disk. Wọ́n wá gbé kọ́kọ́rọ́ jáde.

Mo dá hard disk padà sáyè rẹ̀, laptop jí. Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń ṣí àwọn bátànì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. A kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ síbòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ya nǹkan bíi 300MB sọ́tọ̀ lórí SSD, mo ṣe é ní FAT32, irú ètò tí BIOS lè kà, mo sì fi àṣẹ bcdboot kọ fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. A tún yọ hard disk. SSD dá jí fúnra rẹ̀. A ò ra nǹkan kan.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò rọrùn: ooru, ariwo jẹnẹrétọ̀, oníbàárà mẹ́rin tó dúró tì wọ́n. Síbẹ̀ ó dùn mí gan-an pé fọ́ọ̀mátì ló ń kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, iṣẹ́ ọdún mélòó kan ló sì ń kó lọ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi Windows sórí SSD tuntun, ẹ yọ díìsì àtijọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí Windows bá jí ṣùgbọ́n tí SSD tuntun tí ẹ fi kún un kò hàn, ẹ wo Disk Management, ibi tí Windows ń to gbogbo díìsì sí, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì pín in ni. Bó bá jẹ́ BIOS ni kò rí i, ẹ wo ihò tí ẹ fi SSD náà sí: àwọn ihò M.2, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ fún SSD pẹlẹbẹ, kan wà tó jẹ́ oríṣi SSD tí wọ́n ń pè ní SATA nìkan ni wọ́n ń gbà, oríṣi kejì, NVMe, ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ sì tó yí ohunkóhun padà nínú BIOS, ẹ wá nọ́ńbà tó ń ṣí BitLocker yín, ìyẹn àgádágodo tí Windows ń fi ti díìsì. Díjíìtì 48 ló wà nínú rẹ̀. Bí Windows bá béèrè rẹ̀ tí ẹ ò ní in, fáìlì yín wà níbẹ̀, ẹ ò sì ní lè ṣí i. Àbúrò mi ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé kan, ó sì ti gbé e lọ sílé.