Kí Presti, ọ̀gá tó ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ fún Thunder, má ta pick kankan o
Ẹnì kan kọ ìròyìn pé kí Oklahoma City Thunder, ẹgbẹ́ basketball NBA l'Amẹ́ríkà, kó gbogbo draft pick (ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun) tí wọ́n ní fi ra sítá kan, háà, ṣé ẹ ti gbàgbé 2019 ni? Torí kí wọ́n lè gba Paul George lọ́wọ́ Thunder, ẹgbẹ́ Clippers kó Shai Gilgeous-Alexander, Gallinari àti first-round pick (pick ìpele àkọ́kọ́) 5 sílẹ̀, ọ̀kan nínú pick yẹn ni Thunder fi mú Jalen Williams ní 2022. George ti bá tiẹ̀ lọ sí Philadelphia ní 2024, Clippers ò rí nǹkan kan gbà lórí ẹ̀, Thunder sì gba ife NBA ní 2025. Shai, Jalen àti Chet Holmgren ti tọwọ́ bọ̀wé owó ńlá báyìí, àwọn ọmọ tuntun tówó wọn ò pọ̀ ni wọ́n nílò jàre!